Ọmọ mi ọlọ́dún 14 ní òun kò lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá òun mọ́: ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè borí àṣẹ ilé ẹjọ́?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Ìyá Ọmọ Kan

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo sì ń pa á rẹ́, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo wá ba ẹni tí kò sí níbí jẹ́. Ọdún mẹ́fà nìyí tí èmi àti bàbá ọmọ mi ti kọ ara wa sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ní kí bàbá rẹ̀ máa wá mú un ní ọ̀sẹ̀ méjì síra wọn, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ó sì tún lo ìdajì ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin wa nígbà náà. Bí bàbá rẹ̀ bá ti fọn fèrè ọkọ̀ níta báyìí, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Ó ti pé ọdún 14 báyìí. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, orí ni ó ń fọ́ ọ, lẹ́yìn náà, iṣẹ́ àṣetiléwá ni ó pọ̀ jù, nígbà tí ó yá, kò wá àwáwí kankan mọ́, ó kàn sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, mi ò lọ mọ́."

Ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sí gbangba. Mo ti di báàgì rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ dé, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọ̀ ọ́, kò sì jù ú sílẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá kan ìlẹ̀kùn, èmi ni mo jáde lọ bá a, mo sọ fún un pé ọmọ kọ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ ló kọ̀ ni, àbí ìwọ lo kọ̀?" Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ ni a óò ti rí ara wa.

N kò ní parọ́ fún yín. Ìbínú pọ̀ láàárín èmi àti ọkùnrin náà nígbà kan, ṣùgbọ́n kò na ọmọ yìí rí, kì í mu ọtí, owó ìtọ́jú ọmọ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì rí ohun kan tí mo lè tọ́ka sí pé ó fi ṣe ọmọ ní ibi. Mo bi ọmọ náà léèrè títí ó fi sú mi, ohun kan náà ni ó ń sọ: "Kò sí nǹkan kan. Mi ò kàn fẹ́ lọ ni."

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé ọmọ ọdún 14 ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti sọ pé òun kò lọ? Bí mo bá jẹ́ kí ó dúró sílé, ṣé kò ní di ọ̀ràn sí mi lọ́rùn? Bí mo bá sì ní kí n fi agbára mú un, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é fún ọmọ tí ó ti ga jù mí lọ, ṣé kí n gbé e jù sínú ọkọ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n dá mi lóhùn, kí ẹ má sì bú bàbá rẹ̀.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Ó Ṣẹlẹ̀ Sí Mi Rí

Ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi, ìyá wa. Ọmọ ọdún 14 kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Nígbà tí tèmi pé ọdún 13 ni mo sọ fún un pé kí ó máa yan èyí tí ó bá wù ú, ó sì yan ilé. Bàbá rẹ̀ pariwo díẹ̀, nígbà tí ó ṣe, ó dákẹ́. Kò sí adájọ́ tí yóò rán ọlọ́pàá wá gbé ọmọ tí ó ti ní ọgbọ́n lórí.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Agbẹjọ́rò Ìdílé

Ẹ má bínú, n kò lè jẹ́ kí ìmọ̀ràn òkè yìí kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè ti ìyá náà sínú ohun tí kò ní tètè bọ́ nínú rẹ̀. Òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, agbẹjọ́rò tí ó wà níbi tí wọ́n ti ṣe ìdájọ́ yín ni yóò sì sọ bí ó ṣe kàn yín gan-an. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jọra níbi púpọ̀: òfin máa ń fún ọ̀dọ́langba ní ohùn, kì í sì í sábà fún un ní àṣẹ.

Ẹ wo Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, èyí tí wọ́n gbà wọlé ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1989. Abala 12 rẹ̀ sọ pé ọmọ tí ó bá lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò náà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá kàn án, kí a sì ka èrò náà sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Abala 9 nínú ìwé kan náà sì sọ pé ọmọ tí kò bá ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ gbé ní ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí náà déédéé, àyàfi bí rírí i bá lòdì sí ire ọmọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni wọ́n pè é. Bàbá kan kò lè máa gbá a mú bí gbèsè tí ọmọ jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá kò lè máa fi í tọrẹ bí ẹni fún ènìyàn ní ẹ̀bùn.

Bí a bá wá sọ̀ kalẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà kò dọ́gba. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ tí ó ti pé ọdún 14 bá fẹ́ bá adájọ́ sọ̀rọ̀ lórí ibi tí yóò máa gbé tàbí lórí ìbẹ̀wò, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, àyàfi bí adájọ́ bá rí i pé kò ní ṣe ọmọ náà ní ire, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi rí i bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Georgia, ọmọ ọdún 14 lè yan èyí tí ó fẹ́ máa bá gbé nínú àwọn òbí rẹ̀, síbẹ̀ adájọ́ ṣì lè kọ ohun tí ọmọ yàn. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ó ti máa ń rú àwọn ènìyàn lójú: yíyan ilé tí ọmọ yóò máa gbé kò túmọ̀ sí pé ó lè fagi lé ìbẹ̀wò sí ọ̀dọ̀ òbí kejì. Ní England, Òfin Àwọn Ọmọdé ti ọdún 1989 fi ohun tí ọmọ ń fẹ́ àti bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára rẹ̀ ṣáájú nínú àwọn ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò, kò sì wọ́pọ̀ kí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ pàṣẹ ìbẹ̀wò fún ọmọ tí ó ti kọjá ọdún 16. Ní Jámánì, láti ọdún 2021, adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ kí ó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀, ọjọ́ orí yòówù tí ọmọ náà lè jẹ́, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí mo ti rí i pé ọmọ ọdún 14 lè dá dúró lórí àtẹ̀gùn kí ó sì pa àṣẹ ilé ẹjọ́ rẹ́.

Ìyá, orúkọ yín àti ti bàbá rẹ̀ ni ó wà nínú àṣẹ náà. Títí adájọ́ yóò fi yí i padà, ẹ̀yin méjèèjì ni ó dè. Bí bàbá rẹ̀ bá lọ sí ilé ẹjọ́ pé ẹ tàpá sí àṣẹ, ìbéèrè tí adájọ́ yóò bi yín kì í ṣe pé, "Ǹjẹ́ ọmọ kọ̀?" Ohun tí yóò fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ̀yin ṣe nígbà tí ó kọ̀. Bí ọmọ yìí bá jí lọ́la tí ó ní òun kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, ẹ kò ní sọ pé ó ti yàn. Ẹ óò bá a sọ̀rọ̀, ẹ óò wá ìdí rẹ̀, ẹ óò pe olùkọ́. Irú akitiyan bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ máa ń wá. Kò sẹ́ni tí ó retí pé kí ẹ wọ́ ọmọ gbọọrọ lọ sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ ká ọwọ́ lẹ́rán kí ẹ sì ní "ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀" kì í tó.

Nítorí náà, ẹ kọ déètì ọjọ́ Ẹtì yẹn sílẹ̀ àti gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, láìfi èébú kún un. Ẹ kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ lónìí, kí ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́ ya òun àti ọmọ nípá, kí ẹ sì dá a lábàá pé kí ẹ jọ lọ bá onílàjà. Bí ẹ bá rí i pé ètò tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́jọ kò bá ọmọ ọdún 14 mu mọ́, èyí tí ó wọ́pọ̀ gan-an, ẹ̀yin ni kí ẹ tọ ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n tún un ṣe, kí bàbá rẹ̀ tó gbé yín lọ síbẹ̀ fún ẹ̀sùn. Ẹni tí ó wá béèrè fún àtúnṣe àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kì í jókòó sí ibì kan náà níwájú adájọ́. Bí ó bá dé ibẹ̀, wọn yóò wá ọ̀nà láti gbọ́ ọmọ, yálà nínú yàrá adájọ́ tàbí láti ẹnu òṣìṣẹ́ tí ilé ẹjọ́ yàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọ lẹ́tà sí adájọ́ lórí tábìlì yín. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lẹ́nu ọmọdé kì í pẹ́ hàn sí ẹni tí ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá rí.

Ohun kékeré kan tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: níbi púpọ̀, owó ìtọ́jú ọmọ àti ìbẹ̀wò kò so mọ́ ara wọn. Bí ọmọ kò bá lọ, bàbá kò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ dá owó dúró. Bí owó kò bá wọlé, ìyá kò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ ti ìlẹ̀kùn.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí dúró lórí pé kò sí ewu. Bí ọmọ bá sọ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà fọwọ́ kàn án, lù ú, tàbí dẹ́rù bà á, ẹ má dúró de onílàjà. Ẹ pe àwọn tí ó ń dáàbò bo ọmọ àti agbẹjọ́rò yín ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Ọmọ Ilé Méjì

Mo ti di ẹni ọdún 27 báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń ròyìn. Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí mo kọ̀. Ìyá mi ṣe ohun tí Ó Ṣẹlẹ̀ Sí Mi Rí sọ yìí gẹ́lẹ́: ó ní kí n máa yan èyí tí ó bá wù mí. Mo mọ̀ pé ó rò pé òun ń fún mi ní òmìnira. Ohun tí ó fún mi ni pé láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo di adájọ́ láàárín òbí méjì. Bí mo bá lọ, mo ń wo ojú ìyá mi bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́. Bí n kò bá lọ, mo ń rò ó bí bàbá mi ṣe ń dá wakọ̀ padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bàbá mi ò wá mọ́. Ó tó ọdún méjì tí a kò fi gbọ́ ohùn ara wa, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù nìyí: n kò bá bàbá mi jà rárá. Bọ́ọ̀lù ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń gbá ìdíje ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilé bàbá mi sì jìnnà. Mo pàdánù ìdíje mẹ́ta, wọ́n fi ẹlòmíràn sí ipò mi. Ojú ń tì mí láti sọ pé nítorí bọ́ọ̀lù ni n kò ṣe fẹ́ rí bàbá mi, nítorí náà mo ní kò sí nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn ń bi mí pé, "Kí ni bàbá rẹ ṣe fún ọ?" Kò sẹ́ni tí ó bi mí ohun tí mò ń ṣe ní àárọ̀ Sátidé.

Ìyá, ẹ fi "kí ló dé tí o kò fẹ́ lọ" sílẹ̀. Ìbéèrè ńlá ni, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń dà bí ẹ̀sùn. Ẹ bi í ní àwọn ìbéèrè kéékèèké. Ibo ni ó ń sùn níbẹ̀? Ibo ni ó ń kó aṣọ rẹ̀ sí? Ta ni ó ń wà nílé bí bàbá rẹ̀ bá jáde? Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí ni ó máa ń ṣe títí di ọ̀sán? Kí ẹ má sì jókòó kọjú sí i bí ọlọ́pàá. Ẹ bi í níbi tí ọwọ́ yín méjèèjì ti dí.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Bàbá Tó Ń Dúró Níta

Ẹnu ọ̀nà òdìkejì ni èmi ń dúró sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí a má baà gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ọmọbìnrin mi náà kọ̀ ní bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ìbínú tí mo bí kì í ṣe kékeré, ó sì dá mi lójú pé ìyá rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Bóyá díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ọmọ a máa ka ojú ìyá rẹ̀ bí ìwé. Bí ìyá bá ń fi ẹnu sọ pé "lọ" tí ojú rẹ̀ ń sọ pé "dúró", èyí tí ojú sọ ni ọmọ máa ń gbọ́. Ẹ yẹ ojú yín wò, màmá, n kò bú yín.

Ṣùgbọ́n mo yẹ tèmi náà wò. Láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré ni mo ti ń jókòó sínú ọkọ̀ tí mo ń fọn fèrè, bí ẹni wá gbé ẹrù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, mo ń kan ìlẹ̀kùn, mo ń kí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ní òun kò lè sùn lọ́dọ̀ mi, mo gbà á fún wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo sì ń wá sí agbègbè tirẹ̀. Ó dùn mí, ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó ń tẹ fóònù fún wákàtí méjì nínú mẹ́ta yẹn. Mo máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀, n kì í bi í pé kí ló dé tí kò fèsì. Ó gbà tó oṣù mẹ́jọ kí ó tó sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi.

Ìyá Ọmọ Kan padà wá

Ẹ ṣeun púpọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín kò dùn mọ́ mi. Mo bínú sí Bàbá Tó Ń Dúró Níta fún ọjọ́ kan gbáko lórí ọ̀rọ̀ ojú yẹn, lẹ́yìn náà mo rántí pé mo máa ń sọ pé "ó tún ti tó àsìkò" bí mo bá ń di báàgì ọmọ, mo sì mọ irú ohùn tí mo fi ń sọ ọ́.

Níbi tí a ti ń fọ abọ́ ni mo ti bi í ní ọ̀rọ̀ Ọmọ Ilé Méjì. Èmi ń fọ̀, òun ń nù. Mo ní, "Ibo lo tilẹ̀ ń sùn níbẹ̀ báyìí?" Ó nu àwo kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dáhùn. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni àwọn ọmọkùnrin ìyàwó tuntun bàbá rẹ̀ méjì ti wá ń gbé inú ilé náà, wọ́n sì fún wọn ní yàrá tí òun ń sùn tẹ́lẹ̀. Pálọ̀ ni ó ń sùn báyìí, lórí àga, gbogbo ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ mu omi lóru. Balùwẹ̀ ni ó ti ń pààrọ̀ aṣọ, kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ náà sì ti bàjẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù rẹ̀, kò sì mọ bí òun yóò ṣe sọ gbogbo èyí fún bàbá rẹ̀. Mo bi í títí mo fi rí i dájú pé kò sí ẹni tí ó ṣe é ní nǹkan kan. Ìtìjú ni.

Mo ní kí n bá a sọ ọ́, ó ní rárá, òun fúnra òun ni òun máa kọ ọ́. Ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ìlà mẹ́rin, ó fi hàn mí, n kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Fún bí wákàtí kan, bàbá rẹ̀ kò fèsì, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni ó wá kọ ọ́ pé, "Irú kọ́kọ́rọ́ wo lo fẹ́?" Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi fọ́tò ránṣẹ́: ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ náà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tuntun, àti ìdajì ìka ọwọ́ rẹ̀ tí ó bọ́ sínú fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ yàrá kò tíì yanjú. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé kí ó máa lọ ní ọjọ́ Sátidé, láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ó má sùn síbẹ̀ títí wọn yóò fi rí ibi tí ó ní ìlẹ̀kùn fún un. Agbẹjọ́rò Ìdílé, ṣé a lè dúró lórí àdéhùn ẹnu fún oṣù díẹ̀ ná?

Agbẹjọ́rò Ìdílé

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, inú ẹ̀yin méjèèjì dùn sí ara yín. Bí ìjà bá tún dé, ìwé àtijọ́ tí ó ní ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni yóò ṣì wà nílẹ̀. Ẹ kọ ètò tuntun náà sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí àwọn agbẹjọ́rò yín gbé e lọ kí ilé ẹjọ́ sọ ọ́ di àṣẹ. Bí òbí méjèèjì bá ti fohùn ṣọ̀kan, kì í sábà le. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ óò tún un wò sínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ohun tí ọmọ ọdún 14 ń fẹ́ lè má jẹ́ ohun tí yóò fẹ́ ní ọdún 15.

Ìyá Ọmọ Kan

Mo ti pe agbẹjọ́rò mi ní àárọ̀ yìí. Sátidé tí ń bọ̀ ni àkọ́kọ́. Ọmọ náà ti sọ fún mi pé kí n má di báàgì òun mọ́, òun fúnra òun ni yóò máa dì í.